Tiráfíkétọ̀ Mi àti Bàbá Jelagat

Iṣẹ́ rẹ́wáyà máa ń mú èèyàn gbéra ga. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn lórí èyí, ara mi ni mo ń sọ. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Salgaa, ní Kenya, níbi tí àwọn onítírélà tó ń ti Mombasa lọ sí Uganda ti máa ń dúró jẹun, kí wọ́n sì sùn. Tí dírẹ́bà bá dé tó ní iná ọkọ̀ òun ń ṣe ségesège, orúkọ Khaemba ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá fún un. Èmi ni Khaemba náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọ egungun.

Jelagat ni mo fẹ́ fẹ́. Tíṣà ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní Molo. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn mi. Ọjọ́ kìíní tí mo délé wọn ló ti bu wàrà kíkan inú akèrègbè fún mi, mo mu ún tán, mo tún tọrọ sí i, ó bá ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ni kò ṣe é mú. Arap Tonui wa tírélà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Mombasa sí Kampala, nígbà míì títí dé Kigali, ọkọ̀ kò sì dojú dé mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló ń wà káàkiri, ṣùgbọ́n ojú dírẹ́bà tírélà ló ṣì fi ń wo gbogbo ayé. Kì í béèrè ìdílé ọkùnrin, kì í béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ máa wakọ̀ níwájú, òun á máa bọ̀ lẹ́yìn, láti Salgaa gòkè lọ dé Timboroa. Ẹni tó wà níwájú á máa fi tiráfíkétọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ lọ́nà wa ló gbọ́ èdè yìí. Apá òsì títì la ń gbà níbí, apá ọ̀tún la sì fi ń ya ẹlòmíì sílẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ló ń rí ọ̀nà. Ìwọ tó o wà lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ nìkan lò ń rí. Tó bá tan tọ̀tún, ó ń sọ fún ẹ pé má yà mí sílẹ̀ o, ọkọ̀ ń bọ̀. Tó bá tan tòsì, ọ̀nà mọ́, máa kọjá. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, síbẹ̀ òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa délé. Lójú Arap Tonui, ọkùnrin tí kò bá lè sọ òótọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ ìyàwó. Akọ̀wé báńkì kan ti ṣáájú mi wá. Ó mọ fáàrí ṣe, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Mau Summit, ó tan tòsì níbi kọ́nà kan tí òun fúnra rẹ̀ kò rí òdìkejì rẹ̀, torí kí bàbá má baà rò pé òun ń dí i lọ́nà. Dígí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lára píkọ́ọ̀pù bàbá nígbà tó padà délé lọ́jọ́ náà. A ò gbúròó akọ̀wé báńkì mọ́.

Ní tèmi, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Ọ̀rọ̀ iná ni, iná sì ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí Jelagat sọ fún mi pé bàbá òun máa pè mí lọ́sẹ̀ náà, mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, mo rí i pé iná rẹ̀ ti ṣú, ike orí rẹ̀ sì ti là. Mo ní bí bàbá bá máa wo ìdí ọkọ̀ mi fún odindi wákàtí kan, ó yẹ kó rí ohun tó dára wò. Mo bá wọ matatu, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, lọ sí Nakuru, mo ra iná ẹ̀yìn LED méjì, pupa tó ń dán gbinrin. Ọjọ́rú ni mo dè é mọ́ ọkọ̀. Ó yẹ ọkọ̀ náà bí aṣọ tuntun ṣe ń yẹ arúgbó, àwọn onítírélà sì ń dúró wò ó.

Mo wá tan tiráfíkétọ̀. Dípò kó máa ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ, ńṣe ló ń sáré kítikìti, tí ojú kò lè bá a ka. Mo tan apá kejì, bákan náà ni. Ìyá Nduta, tó ń ta tíì àti mandazi, ìyẹ̀fun díndín bíi pọ́fùpọ́fù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, gbójú sókè lórí ìkòkò epo rẹ̀.

"Khaemba, kí ló dé ojú ọkọ̀ rẹ? Ṣé eṣinṣin kó sí i ni?"

Mo ní kó gbájú mọ́ mandazi rẹ̀. Ó ní mandazi òun kò ní wàhálà kankan, òun á gbájú mọ́ ọn tí ọkọ̀ mi bá ti dẹ́kun àtimáa ṣẹ́jú sí òun, torí òun lọ́kọ nílé. Àwọn onítírélà tó ń mu tíì rẹ́rìn-ín títí. Inú bí mi. Mo yẹ fíùsì wò, kò jó. Mo tú ìdí iná méjèèjì, mo ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ilẹ̀ ti kan irin ọkọ̀, mo rò pé bóyá kò kàn án dáadáa. Iná tún ń sáré. Mo fi èébú ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún mi ní Nakuru, nínú ọkàn mi o, torí n kò ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó rántí ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ní fúláṣà, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú tiráfíkétọ̀ ṣẹ́jú. Fúláṣà yìí máa ń wo ìwọ̀n iná tí gílóòbù ń jẹ. Tí gílóòbù kan bá jó, iná tó ń jẹ á dín kù, fúláṣà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti kìlọ̀ fún dírẹ́bà. Iná LED kì í jẹ nǹkan kan tó pọ̀, fúláṣà mi sì gbà pé gbogbo gílóòbù ẹ̀yìn ti kú. Àwọn tírélà tí mo ń tún ṣe ní fúláṣà míì tí kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, ìyẹn ni mo fi gbàgbé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àwáwí lásán nìyẹn, kó wá tún tírélà ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

Oògùn rẹ̀ kò le. Irin kékeré kan wà, aláwọ̀ wúrà, rẹsítọ̀ lorúkọ rẹ̀. Èèyàn á so ó mọ́ wáyà tiráfíkétọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, á máa jẹ iná tí LED kò jẹ, fúláṣà á sì fara balẹ̀. Mo ní méjì nínú àpótí mi. Mo so wọ́n, iná ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́, mo fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ike inú búùtù, mo sì jókòó ti ife tíì láti máa wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí Ìyá Nduta fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí mandazi rẹ̀ kíákíá, ó ní nǹkan ń jóná. Kì í ṣe mandazi. Rẹsítọ̀ máa ń gbóná gan-an, ó sì ti yọ́ ike búùtù mi wọlé bí ọ̀bẹ gbígbóná ṣe ń wọ bọ́tà. Omi tíì ni mo fi pa á. Obìnrin yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà náà, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ń ní kó wá wo ihò náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo tún un ṣe bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ de àwọn rẹsítọ̀ mọ́ irin ara ọkọ̀ níbi tí wọn kò ti ní jó nǹkan kan, nítorí náà mo gé wáyà apá méjèèjì láàárín, níbi tí wọ́n ti jọ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù kọjá. Àwọ̀ ewé ni wáyà méjèèjì. Ọ̀kan ní ìlà yẹ́lò tín-ínrín lára, ìkejì ní ìlà dúdú. Òjò ti ń ṣú, mo ń kánjú. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi téèpù wé e, mo sì tẹ bọ́tìnnì tó ń mú tọ̀tún tòsì ṣẹ́jú pa pọ̀. Wọ́n ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lápá méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ogun tó ń yan. Kódà Ìyá Nduta mi èjìká rẹ̀ sí i. Bí mo ṣe ń wò ó ni fóònù dún. Jelagat ni, ó ní bàbá òun ní kí n múra, ọ̀la ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo pa iná, mo kó irin iṣẹ́ mi, mo lọ wá ẹni tó máa gẹ irun mi.

Ilé epo tó wà níwájú Salgaa la ti pàdé. Bàbá wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ó dé fìlà rẹ̀ wá sójú. Jelagat jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù, ó rẹwà débi tí mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi kí wọn. Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó yí ọkọ̀ mi ká, ó wo iná ẹ̀yìn náà, kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára.

"Má sáré," ó ní. "Máa bá mi sọ̀rọ̀."

Mo tan tòsì, mo yà sójú títì, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Mo wakọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. A kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ epo kan fi yọ lókè níwájú, mo tan tọ̀tún kíá. Nínú dígí, mo rí bàbá tó dúró sẹ́yìn mi, kò yọ imú síta. Ọkọ̀ epo kọjá, mo wo iwájú, ọ̀nà mọ́ títí lọ, mo tan tòsì. Ó yọ síta jẹ́jẹ́, ó yà mí sílẹ̀, ó sì wọlé síwájú mi. Orí mi wú. Nígbà tí ó ń kọjá, mo rí Jelagat tó bo ojú, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà fún mi.

Bàbá yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo tún bọ́ síwájú, a tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn tó ti yà mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì yìí ni matatu kan wá bọ́ sẹ́yìn mi. Mo ṣàánú rẹ̀, mo ní kí n ran òun náà lọ́wọ́. Tírélà kan ń bọ̀ níwájú, mo tan tọ̀tún fún un. Kí ló ṣe? Ó yọ síta. Tírélà fọn fèrè gbọọrọ, matatu sá padà sẹ́yìn mi, táyà rẹ̀ ń ké. Mo ní ẹ wo aṣiwèrè yìí, mo sọ fún un pé kó má yọ. Nígbà tí ọ̀nà mọ́, mo tan tòsì, kò yọ mọ́. Mo tan án títí, ó kàn ń tẹ fèrè ni. Nígbà tó wá kọjá, kọ́ndọ́kítọ̀ rẹ̀ so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bi mí pé ṣé ọ̀tá mi ló kọ́ mi ní mọ́tò. Mi ò kà á sí. Ta ni kọ́ndọ́kítọ̀ kì í bú?

Láti ibẹ̀, bàbá padà sẹ́yìn mi, kò sì yà mí sílẹ̀ mọ́. Ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn títí a fi dé Timboroa. Mo gbà pé ohun tó rí ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ti ń ronú ẹni tí màá rán sí ilé wa ní Webuye, láti lọ sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n máa fọ kóòtù wọn.

Òtútù Timboroa kì í ṣeré, ó gbá mi lójú bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Jelagat kò wo ojú mi. Ó ní òun ń lọ ra ọ̀dùnkún lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó wà lódìkejì ọ̀nà, ó sì sáré lọ. Bàbá bi mí báwo ni iná tuntun náà. Kí ló dé tó bi mí! Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, fúláṣà, rẹsítọ̀, bí iná ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ àti bí mo ṣe mú un fara balẹ̀. Mo fo ọ̀rọ̀ ike tó yọ́. Mo ní nínú gbogbo Salgaa, kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é. Bàbá ń mi orí.

"Ó dáa," ó ní. "Bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Èmi á tan án, kí ìwọ sọ ohun tó o rí fún mi."

Ó jókòó sídìí ọkọ̀ mi, ó ti ilẹ̀kùn. Mo lọ dúró lẹ́yìn, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ọ̀gá.

"Ọ̀tún," ó ké láti inú ọkọ̀. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Tòsì ló ń ṣẹ́jú.

Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá ló ṣì í. Mo na ọrùn, mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo gílóòbù iwájú tó ń tàn sára igi ọgbà tó wà níwájú. Ọ̀tún ni lóòótọ́. Lẹ́yìn, tòsì. Wáyà méjì aláwọ̀ ewé wá sí mi lọ́kàn, ọ̀kan onílà yẹ́lò, ọ̀kan onílà dúdú, àti bọ́tìnnì tí mo tẹ̀, tó mú apá méjèèjì ṣẹ́jú pọ̀ tí mi ò fi mọ èyí tó jẹ́ èwo. Mo rántí matatu. Èèyàn mẹ́rìnlá ló máa ń wà nínú matatu, èmi sì ni mo ní kí wọ́n máa lọ pàdé tírélà. Èmi tí mo ń pe ẹlòmíì ní aṣiwèrè.

Bàbá kò lè rí ẹ̀yìn láti ibi tó wà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá ní ó ń ṣiṣẹ́, á tan apá kejì, màá tún ní ó ń ṣiṣẹ́, a ó jẹ ọ̀dùnkún, màá sì yọ́ kẹ́lẹ́ dá wáyà náà padà sípò rẹ̀ kí n tó wakọ̀ sílé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí mo bá sì sọ òótọ́, gbogbo Salgaa á gbọ́ pé Khaemba rẹ́wáyà kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyá Nduta nìkan á fi jẹun fún ọdún kan. Jelagat ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ akọ̀wé báńkì kò tó tèmi, torí dígí kan péré lòun fọ́.

"Khaemba, mo ní ọ̀tún. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ẹnu mi ti là fún un.

"Rárá, Bàbá. Tòsì ló ń ṣẹ́jú. Mo so wáyà rẹ̀ sódì. Láti Salgaa ni mo ti ń parọ́ fún yín, mi ò sì mọ̀."

Tiráfíkétọ̀ ṣì ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lápá tí kò yẹ. Ó wá pa á, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì wá bá mi lẹ́yìn ọkọ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo ń retí kó pe ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ.

"Mo mọ̀," ó ní. "Bó o ṣe ń jáde nílé epo, o ní ọ̀tún, o sì yà sósì. Kò pẹ́ tó o tún fi ní kí n máa bọ̀ wá pàdé ọkọ̀ epo. Mo bá ń yí ọ̀rọ̀ ẹ padà lórí mi, mo sì ń fi ojú ara mi wo ọ̀nà. Téèyàn bá ti yí i padà, òótọ́ lò ń sọ ní gbogbo ọ̀nà."

Mo bi í ìdí tí kò fi dá mi dúró.

"Ó yẹ kí n ti dá ẹ dúró ṣáájú matatu tí mo rí nínú dígí yẹn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ìdí tí mo fi lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́yìn nìyẹn, kí ẹlòmíì má baà gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tó o máa wí tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ẹ́."

Jelagat ti ń sọdá títì bọ̀, ó gbé ọ̀dùnkún mọ́ àyà nínú ìwé ìròyìn. Kò kí mi, kò bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló wò.

"Ṣé ó ti sọ ọ́?"

"Ó ti sọ ọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀dùnkún méjì fi já bọ́ sílẹ̀. Ó ní láti Salgaa ni òun ti ń bo ẹnu, bàbá òun ti mú òun búra. Nígbà tí mo tan tọ̀tún lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ọrùn mi tó nà sókè bí ọ̀gá ọlọ́pàá, ó ní òun rò pé òun máa kú. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Omi kan ń bọ̀ lójú mi, mo ní òtútù ni.

Ibẹ̀ náà ni mo ti tú búùtù. Mo gé téèpù, mo so onílà yẹ́lò mọ́ onílà yẹ́lò, onílà dúdú mọ́ onílà dúdú. Bàbá dúró tì mí lórí, ó ń jẹ ọ̀dùnkún, ó rí ihò tí rẹsítọ̀ yọ́ sínú ike, ó wò ó, ó wò mí, kò béèrè. Jelagat lọ jókòó sídìí ọkọ̀. Ó ń ké ọ̀tún, mo ń dáhùn ọ̀tún, ó ń ké òsì, mo ń dáhùn òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni bàbá ní ká tún un ṣe.

Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó wọ inú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ó tan ọkọ̀, ó jẹ́ kó gbóná díẹ̀.

"Sọ fún àwọn èèyàn rẹ ní Webuye pé à ń retí wọn ní Sátidé tó ń bọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí àwọn ṣáájú. Ìwọ máa bọ̀ lẹ́yìn."